Bí Mo Ṣe Fi Ìkíni Mú Ẹja Irin

Láníyọnu, padà wá jókòó. Mo gbọ́ ohun tí o sọ lẹ́nu ọ̀nà. O rò pé ogbó ti dí mi létí, ṣùgbọ́n ojú ni ó ń darúgbó lára ọdẹ, orúnkún sì ń tẹ̀lé e. Etí kì í bá wọn lọ. O ní obìnrin tí ó gbé omi wá fún yín kò ní ẹ̀kọ́ ilé. O ní gbogbo yín lẹ kí i, kò sì dá ẹyọ ẹnì kan lóhùn, ó kàn gbé igbá kalẹ̀, ó yí ẹ̀yìn padà, ó wọlé lọ. Àwọn tó jókòó tì ọ́ sì rẹ́rìn-ín. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ọwọ́ mi kò tíì máa gbọ̀n ni, ẹ̀rín náà ìbá ti di ohun mìíràn lẹ́nu yín.

Ó dára. Ìtàn ẹfọ̀n tó ń wọ bàtà ni mo fẹ́ sọ fún yín ní ọ̀sán yìí, ìtàn tí ẹ ó fi rẹ́rìn-ín títí ikùn yóò fi máa ro yín. Mo ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ti ogun omi ni ẹ ó gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, kí ó lọ tọ̀ nísinsìnyí, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ n kò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Èmi ni Ọdẹ́sànmí, ọmọ bíbí ìlú Etídò, èmi tí mo pa àmọ̀tẹ́kùn kan, tí àwọn àmọ̀tẹ́kùn yòókù sì tò wá sí ẹnu ọ̀nà mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì láti wá kí mi kú iṣẹ́. Ẹ má wojú ara yín. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, àwọn àmọ̀tẹ́kùn ni wọ́n pa á.

Ní ìgbà tí mò ń wí yìí, ìlú wa Etídò, tí ó wà láàrin ọ̀sà àti òkun, ń bá àwọn ará Ìkọjá-Ìbú jagun. Ìlú tiwọn wà ní òdìkejì omi jíjìn, níbi tí ojú kò ti lè rí etí bèbè. Ṣùgbọ́n èdè wa ni wọ́n ń sọ, ilà ojú wọn sì jọ tiwa. Ohun tó fa ogun náà, n kò lè sọ fún yín, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n ti kú, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ló kù tí wọ́n ń jà á. Ọdún ń gorí ọdún, a ń sọ wọ́n ní ọ̀kọ̀, wọ́n ń da ọkọ̀ wa dé, títí wọ́n fi kan ọkọ̀ kan tí irú rẹ̀ kò sí rí.

Ọkọ̀ náà kì í léfòó. Irin ni látòkè délẹ̀, wọ́n dì í pa bí èkùrọ́, kò ní ìgbòkun, ẹnikẹ́ni kò sì rí àjẹ̀ rẹ̀. Abẹ́ omi ni ó ń gbà lọ, àwọn jagunjagun wọn á sì wà nínú rẹ̀ tí wọn yóò dákẹ́ rọ́rọ́. Bí ọkọ̀ tiwa bá ń lọ jẹ́jẹ́ lójú ọ̀sà, òun á yọ lábẹ́ rẹ̀, á la ẹnu, á gbé ọkọ̀ àti èrò mì, omi á sì padà tẹ́jú. Àwọn kan ní ẹja ńlá àbùùbùtán ni. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin: èmi fi ojú ara mi rí i, mo rí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹja wo ni wọ́n sì ń kàn ní ìṣó? Síbẹ̀ Ẹja Irin ni a sọ ọ́, orúkọ náà ló sì mọ́ ọn lára.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, Ìyùnadé. Ẹ gbọ́ bí ọmọ náà ṣe rí. Kò sí ẹni tó lè kọjá lára rẹ̀ láìgba ìkíni. Ó ń kí àgbà, ó ń kí ọmọdé, ó ń kí ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu kú oúnjẹ, á sì dá ara rẹ̀ lóhùn ní orúkọ ewúrẹ́ náà. Bí ó bá ń ti ọ̀nà omi bọ̀, ohùn rẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ gúnlẹ̀. Ìyá rẹ̀ á ti gbé ọbẹ̀ kaná kí àwa tó rí ọkọ̀. Ní ọjọ́ tí ó lọ gbé iyọ̀ ní òdìkejì ọ̀sà, mo dúró ní èbúté, mò ń gbọ́ bí ó ṣe ń kí àwọn atukọ̀ tí wọ́n ń pàdé, títí ohùn náà fi tín-ín-rín. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Àwọn apẹja tó wà nítòsí ni wọ́n wá sọ fún mi pé Ẹja Irin ti gbé wọn mì, ọkọ̀ àti àjẹ̀ àti èèyàn.

Àwọn baba wa ní ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù lọ. Mo ti ń pa òwe náà láti kékeré, n kò mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú á sunkún, á dákẹ́, á sì jẹun níjọ́ kan. Ìyá Ìyùnadé kò sunkún. Oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ni ó ń bù sílẹ̀ lójoojúmọ́, bí ó bá ti tutù á tún un gbé kaná. N kò lè wò ó.

Kò pẹ́, iṣẹ́ dé láti Ìkọjá-Ìbú. Wọ́n ní àwọn tí wọ́n kó lójú omi ṣì wà láàyè nínú àgọ́ àwọn. Bí a bá ní ohun tó tó àwọn, kí a mú un wá kí àwọn fi èèyàn wa pààrọ̀. Ọba wa pe gbogbo ìlú jọ. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni ìlú yẹn kò lè ṣe aláìní, òun náà ni Ẹja Irin. Ó ní bí ẹnì kan bá lè mú un láìfọ́, òun yóò dá a padà fún wọn, òun yóò sì gba àwọn ọmọ Etídò. Ó yí ojú sí mi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mo gbà. Gbogbo ìlú gbọ́ ìlérí náà. Kí ẹ̀yin náà fi í sọ́kàn.

Ìbínú ni mo fi bẹ̀rẹ̀, òkò àbínújù kì í sì í pa ẹyẹ. Mo wọ ọkọ̀, mo lúgọ sí ìdí eèsún. Nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ, mo yìnbọn fún un. Ọta ìbọn náà padà wá bá mi, ó gba fìlà lórí mi lọ. Mo sọ ọ̀kọ̀, ọ̀kọ̀ ká. Mo bẹ́ lé e lórí, mo fi àdá ṣá a, èmi tí mo gé orí erè bọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àdá mi sì ya eyín bí ayùn. Ẹja Irin rì, ó fi mí sílẹ̀ kí n máa lúwẹ̀ẹ́ lọ sílé. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ti agbára. Mo gbé àpò ọdẹ mi kọ́ èjìká, mo dojú kọ Igbó Elétí láti wá ọgbọ́n.

Igbó náà kò ní ewé. Níbi tó yẹ kí ewé wà, etí ló wà níbẹ̀, etí ńlá, etí wẹ́wẹ́, òmíràn tilẹ̀ wọ yẹtí. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀, gbogbo wọn á yí sí mi. Bí mo bá wúkọ́, igi kan á gba ikọ́ náà, á gbé e fún igi kejì, mo sì ń gbọ́ ikọ́ mi bí ó ti ń lọ jìnnà láìdúró dè mí. Ẹ̀rù kì í bà mí, ẹ mọ̀ mí, ṣùgbọ́n mo rọra ń rìn.

Láàrin igbó náà ni iwin kan ti yọ sí mi. Ó ga tó ọ̀pẹ, ojú rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò ní ẹnu níbẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ni ẹnu rẹ̀ wà. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á la ọwọ́, bí ó bá fẹ́ dákẹ́ á di ìkúùkù. Kò kí mi, ó fi ẹnu náà gbá mi létí. Ìgbátí àti èébú dé lẹ́ẹ̀kan náà, n kò mọ èyí tó dùn mí jù. A wọ ìjàkadì. Ó gbé mi, mo gbé e, ó fi mí na igi, àwọn etí ká kò. Níkẹyìn mo di ọwọ́ náà mú, mo fún un pa. Kò lè bú mi mọ́, kò sì lè mí, nítorí ibẹ̀ náà ni ó ti ń mí. Nígbà tí ó fi ojú bẹ̀ mí, mo tú u sílẹ̀. Ẹ sọ òótọ́, ẹ ti rí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ rí?

Ó ní òun yóò pa àlọ́ kan fún mi. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, òun yóò fi ọ̀nà hàn mí. Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, etí mi méjèèjì di ewé igbó òun. Ó la ọwọ́, ó ní: "Irin kò lè sé e mọ́lé, omi kò lè pa á, olúwa rẹ̀ kò fojú rí i rí. Bí o bá fi ipá wá a, kò sí nílé. Bí o bá pè é dáadáa, á jáde kí olúwa rẹ̀ tó mọ̀."

Mo ní ooru ni. Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ̀mí ni. Ó ní ẹ̀mí kì í gbọ́ ìpè ọdẹ, ó na ọwọ́ òsì sí etí mi, ó fà á wò bóyá ó ti gbó tó. Ìrònú ọmọ mi sì bò mí níbẹ̀. N kò mọ ìgbà tí mo pe orúkọ rẹ̀. Àwọn igi gbà á lẹ́nu mi, wọ́n ń gbé e fún ara wọn, Ìyùnadé, Ìyùnadé, títí ó fi kúrò létí mi. Mo rò ó pé ta ni ó ní kí orúkọ náà jáde? N kò rán an. Mo wá dáhùn pé ohùn ni. Iwin náà di ọwọ́, ó tún là á, ó ní mo mọ̀ ọ́n. Ó ní irin yẹn kò ní ilẹ̀kùn tí mo lè fọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú rẹ̀ ní ìyá tó tọ́ wọn. Ó ní kí n lọ sí Ìlú Ìkíni, kí n lọ kọ́ bí a ti ń pe ohùn jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ mọ èèyàn kí, ẹ ò bá dé ìlú yẹn kí ojú ó tì yín. Ẹni tí kò bá mọ ìkíni tó yẹ ohun tó rí, ibodè wọn kì í ṣí fún un. Mo bá àwọn aláró, mo ní àrẹ̀dú o. Mo bá àwọn tó ń dirun, mo ní ojú gbooro o. Mo bá àgbẹ̀, mo ní àroko bọ́dún dé. Mo bá ọkùnrin kan tó dúró lásán tí kò ṣe ohunkóhun, mo ní ẹ kú ìdúró. Mo rò pé mo ti parí, àfi bí mo ti rí ọ̀bọ kan lórí ibodè, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Mo wá rántí pé Ìyùnadé kì í ronú kí ó tó kí ẹran, mo ní, ọ̀bọ, kú ìkẹ̀yìnsíni o. Ọ̀bọ náà yí padà, ó fi eyín hàn mí, ibodè sì ṣí.

Olórí ìlú náà ni ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Olóhùn-Tútù. Ó fi itọ́ ẹnu rẹ̀ ra ojú mi kí n lè rí ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń rí. Ojú mi là. Mo rí i pé bí ẹnì kan bá kí ẹnì kejì, òwú kan á jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹnì kejì bá dáhùn, á gba orí òwú náà mú, ó sì di okùn láàrin wọn. Gbogbo ìlú náà ni okùn bẹ́ẹ̀ so pọ̀ bí aṣọ tó wà lórí òfì. Mo rí ìjòyè kan tó ti ń gbéra ga láti kékeré, tí kì í dá èèyàn lóhùn. Gbogbo òwú tí wọ́n ti fi kí i ló ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó ń ṣubú ní gbogbo ìṣísẹ̀.

Ìyá Olóhùn-Tútù ní ohùn tútù ní ń yọ obì lápò, ohùn líle ní ń yọ ọfà lápó. Ó ní ìkíni àti ìdáhùn, okùn kan ni. Ẹni tó bá rí orí rẹ̀ méjèèjì dì mú lè fi fa òkè. Ó ní àwọn tó wà lójú ogun lè di etí sí ẹ kú iṣẹ́, wọ́n sì lè di etí sí ẹ kú ewu, ṣùgbọ́n ìkíni kan wà tí ẹnu máa ń dáhùn kí olúwa rẹ̀ tó rántí pé òun wà lójú ogun. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó sọ ọ́ fún mi. Ó kọ̀. Ó ní òun kò gbàdúrà pé kí n mọ̀ ọ́n. Mo bínú kúrò níwájú rẹ̀, mo sì pè é ní ahun nínú ọkàn mi.

Mo padà dé ọ̀sà wa, mo wọ ọkọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí kí omi. Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀. Mo ní ẹ kú ooru, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ojú ogun. Òwú ń jáde lẹ́nu mi, ó ń rì wọ inú omi, ẹnikẹ́ni kò gbà á mú. Ọ̀gá wọn ti pàṣẹ pé ohùn ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde. Àwọn apẹja wa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ọdẹ tí ìbọn rẹ̀ ti ń pa erin ti di ẹni tó ń kí edé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ariwo sọ ní èbúté. Epo dúdú ti bo ojú omi, pákó fífọ́ ń léfòó, fìlà àwọn jagunjagun Ìkọjá-Ìbú ń léfòó, òkú ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì wà láàrin wọn. Etídò bẹ̀rẹ̀ sí jó. Wọ́n ní Ẹja Irin ti fọ́ nísàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọba ní kí wọ́n yin ìbọn ayọ̀. Èmi nìkan ni n kò jó, nítorí bí ó bá ti fọ́, kí ni a ó fi gba ọmọ mi? Mo wa ọkọ̀ lọ bá òkú náà.

Mo yí i padà, mo wò ó. Àwọn tó gbé e sómi ti wẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti fá orí rẹ̀, wọ́n ti fi òwú dí ihò imú rẹ̀, wọ́n ti so àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì fi aṣọ funfun dì í bí ó ti yẹ. Mo jókòó sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ tó fọ́ kì í wẹ òkú. Ẹ̀tàn ogun ni: ọ̀gá wọn ló ní kí wọ́n da epo àti pákó àti òkú síta, kí a lè rò pé wọ́n ti kú tán. Àwọn tí ó rán níṣẹ́ náà gbọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò gbà á kí wọ́n da ọmọ èèyàn nù bí ìdọ̀tí. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n jù ú sómi pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ni, èmi náà ìbá ti lọ sílé lọ jó.

Mo wá mọ̀ pé Ẹja Irin wà lódindi, kò sì jìnnà. Mo mọ̀ pé ọ̀fọ̀ wà nínú rẹ̀. Mo sì mọ ìkíni tí Ìyá Olóhùn-Tútù kò fẹ́ sọ fún mi.

Mo gbé ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ sí orí iyanrìn gíga tí omi kì í dé, mo gbẹ́ ilẹ̀, mo sin ín bí ọmọ ẹni tí mo mọ̀. Mo padà sínú ọkọ̀. N kò pariwo. Mo ní:

"Ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Mo ti bá yín sin ọmọ yín. Ibi gbígbẹ ni mo tẹ́ ẹ sí."

Òwú náà rì. Mo dúró. Ẹ má bi mí bóyá ọkàn ni mo fi kí wọn tàbí ọgbọ́n ọdẹ. Ọ̀fọ̀ náà dùn mí, mo sì la ọwọ́ sílẹ̀ de okùn. Méjèèjì ló wà nínú mi. Omi dákẹ́. Lẹ́yìn náà, láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ohùn arúgbó kan jáde, ó ń gbọ̀n, ó dáhùn bí baba rẹ̀ ti kọ́ ọ kí ó máa dáhùn:

"Ẹ ṣé o. A ò ní fi irú rẹ̀ san án fún yín."

Okùn náà yọ sójú omi. Mo dì í mú, mo so ó mọ́ imú ọkọ̀ mi, mo sì ké pe àwọn apẹja. Gbogbo ọkọ̀ Etídò ló fà á. Ẹja Irin yọ sókè bí ẹja tí ìwọ̀ gbé lẹ́nu, ó ń jà, ó ń yí, okùn náà kò já. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé ọ̀gá wọn sáré lọ sí ibi irin tí wọ́n ń yí kí omi lè wọlé, kí gbogbo wọn rì pẹ̀lú ọkọ̀ náà dípò kí ọ̀tá mú un. Arúgbó tó dáhùn ti jókòó lé irin náà lórí. Ó ní òun kò ní dìde títí òun yóò fi rí ẹni tó sin ọmọ òun.

Nígbà tí ọmọrí ọkọ̀ náà ṣí ní èbúté wa, ìbínú tí mo ti gbé sọ́kàn láti ọjọ́ yìí wá lọ sílẹ̀, ìtìjú rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó jáde tín-ín-rín, irùngbọ̀n ti bò wọ́n, oòrùn ń fọ́ wọn lójú. Wọ́n jọ àwọn ọmọ àdúgbò wa. Arúgbó náà jáde gbẹ̀yìn. Orúkọ rẹ̀ ni Omítóògùn; òun ló ń ṣe ìdáná fún wọn, ọmọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi tàn wá. Ó bi mí ní ibi tí mo sin ín sí. Òbí kì í mọ ibojì ọmọ rẹ̀, nítorí náà n kò nàka sí i, apá ibẹ̀ ni mo kàn fi àgbọ̀n júwe. Ó kọ ẹ̀yìn sí apá ibẹ̀ bí àṣà ti wí, ó dúró bẹ́ẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo bá a dúró.

Mo lọ bá ọba, mo ní ọkọ̀ ti dé lódindi, ó tó kí a lọ gba àwọn ọmọ wa. Ọba ti wọ inú Ẹja Irin, ó ti jókòó sí àga ọ̀gá wọn. Kò sọ pé òun kò ṣe ìlérí. Ó ní nígbà tí òun ṣe é, òun kò tíì rí ọkọ̀ náà. Ó ní òun kò lè gbé irú ohun ìjà bẹ́ẹ̀ padà fún ọ̀tá nítorí àwọn èèyàn díẹ̀. Àwọn ìjòyè mi orí. Mo rántí pé ọmọ ẹni kò ní ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn, mo sì rí i pé lójú ọba, irin yẹn ni ọmọ rẹ̀.

N kò bá a jà. Mo ní bí ẹran bá tilẹ̀ jẹ́ ti ọba, ọdẹ tó pa á ní ìpín tirẹ̀, ọba kan kò sì fi ọwọ́ kan ìpín ọdẹ rí ní Etídò. Àwọn ọdẹ tó dúró níbẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọba bi mí ohun tí mo fẹ́. Mo ní arúgbó ìdáná yẹn ni.

Mo mú Omítóògùn lọ sí etí omi, mo fún un ní ọkọ̀ àti àjẹ̀, mo ní kí ó máa lọ sílé. Kò tètè wọ ọkọ̀. Ó bi mí bí ó ṣe jẹ́ tí ọdẹ fi kúrò nínú igbó wá jà lójú omi. Mo sọ ti Ìyùnadé fún un.

Ó ní, "Mo ní a ò ní fi irú rẹ̀ san án fún yín. N kò mọ̀ pé ọ̀tá ni mò ń ṣàdúrà fún. Ṣùgbọ́n ó ti jáde lẹ́nu mi."

Ó wa ọkọ̀ lọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Ìròyìn kì í rì sómi. Kí Omítóògùn tó dé ilé, Ìkọjá-Ìbú ti gbọ́ pé ìkíni ni a fi mú ọkọ̀ wọn. Wọ́n ṣe òfin: ẹnikẹ́ni tó bá dáhùn ìkíni nínú ìlú wọn, ìbáà jẹ́ ọmọ ìlú, ìbáà jẹ́ ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú, kí wọ́n fi okùn dì í lẹ́nu títí yóò fi gbàgbé. Àwọn ẹ̀ṣọ́ á máa kọjá, wọ́n á máa kí àwọn èèyàn láti dán wọn wò. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ irú ọmọ tí ọmọ mi jẹ́, ẹ ti mọ ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ dì lẹ́nu. Ó dáhùn, wọ́n dì í. Wọ́n tú u, ó tún dáhùn, wọ́n tún dì í. Èmi ni mo kọ́ wọn ní ọgbọ́n náà, láti inú ọkọ̀ mi, pẹ̀lú ohùn tútù.

Ọba wa ní tirẹ̀ kó àwọn ọmọ Etídò sínú Ẹja Irin, ó ní kí wọ́n dákẹ́, kí wọ́n lọ jà. Wọ́n rì sábẹ́ ọ̀sà. Títí di òní, ìyá wọn ń lọ sí etí omi lọ kí wọn kú iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò tíì dá wọn lóhùn.

Ní ọjọ́ kan tí oòrùn ti yọ dáadáa, mo rí ọkọ̀ kan tó ń bọ̀, ọkọ̀ tí mo fún Omítóògùn. Obìnrin kan ló ń wà á. N kò gbọ́ ohùn kankan, nítorí náà n kò tètè mọ̀ pé ọmọ mi ni. Nígbà tí mo mọ̀ ọ́n, mo wọ inú omi títí dé àyà, mo ń ké, mo ní Ìyùnadé, kú àbọ̀, Ìyùnadé, kú ewu. Ó wò mí. Ètè rẹ̀ mì. Kò dá mi lóhùn. Ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ tó ń gbóná síwájú rẹ̀, ó ní kú ebi, ọmọ mi. Ó jẹun, kò dá ìyá rẹ̀ lóhùn. Inú wa dùn, inú wa bàjẹ́, a kò mọ èyí tí a ó ṣe.

Ọwọ́ ni ó fi júwe gbogbo ohun tí mo sọ fún yín nípa òfin wọn yìí. Ó fi ọwọ́ júwe arúgbó kan tó wọ inú àgọ́ wọn, tó jókòó sí ipò rẹ̀, tó tú okùn ẹnu rẹ̀, tó fi di ẹnu ara rẹ̀, tó sì tì í lẹ́yìn kí ó máa lọ. N kò rí Omítóògùn mọ́.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun kejì tí arúgbó náà ṣe. Nínú Ẹja Irin, nígbà tí wọ́n ka ohùn léèwọ̀, àwọn tí wọ́n tọ́ dáadáa kò lè fara dà á kí ẹnì kejì kí wọn kí wọ́n má dáhùn. Èékánná ni wọ́n fi ń kan irin, díẹ̀ báyìí. Omítóògùn ti fi kọ́ ọmọ mi kí ó tó tì í jáde. Mo kí i ní òwúrọ̀ kan, mo yí padà láti máa lọ, mo gbọ́ ọ lára àpótí tó jókòó lé. Mo ti wà nínú igbó láti ìgbà èwe, mo ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ìrá lórí ewé tútù, síbẹ̀ ọjọ́ púpọ̀ ni ọmọ mi ti ń dá mi lóhùn tí n kò gbọ́.

Láníyọnu, obìnrin tí o ní kò ní ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn. Nígbà tí ó gbé igbá kalẹ̀ síwájú yín, ó fi èékánná kàn án kí ó tó yí padà. Gbogbo yín ló dá lóhùn. Ẹ̀rín yín ni kò jẹ́ kí ẹ gbọ́.

Dìde. Ó wà lẹ́yìn ilé, lẹ́nu ọlọ. Kí i kú iṣẹ́ láti ibi tí o wà yẹn, kí o sì dákẹ́. Ẹ̀yin tó kù, ẹ gbé igbá kalẹ̀, ẹni kankan kò gbọdọ̀ mira.

Ẹ gbọ́ ọ báyìí. Ọmọ ọlọ ni ó ń kàn yẹn. Padà wá jókòó, Láníyọnu, kí o mu omi rẹ.